Kí Fúnmi Tó Ra Hẹ́dífóònù Iṣẹ́ Rẹ̀

Enerhen, Warri.

Fúnmi, Àjọkẹ́ mi,

Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Láti ìgbà tí o ti pè mí pé ilé iṣẹ́ rédíò tó wà ní Àkúrẹ́ ti gbà ọ́, ẹnu mi ò tíì padé. Àwọn ará ìjọ ti gbọ́, àwọn ará àdúgbò ti gbọ́, ìyá tó ń ta ẹja gbígbẹ ní ìkòríta ti gbọ́ ọ títí tó fi sú u. Àbúrò rẹ Káyọ̀dé ní bí mo bá tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á kó jáde nílé. Mo ní kó lọ kó ẹrù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lórí fóònù, ohun méjì ni o sọ fún mi. O béèrè ìmọ̀ràn lórí ọ̀kan, o sì fi ẹ̀rín gbé èkejì kọjá. O ní iṣẹ́ yín ni láti máa gé ohùn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀, kí ẹ tún un tò lórí kọ̀ǹpútà, àti pé oníkálukú ni yóò mú hẹ́dífóònù tirẹ̀ wá, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí pa, tó ń bo gbogbo etí. O ní, "Mummy, which one make I buy? My money no plenty." Mo gbọ́ ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo bi ọ́ bóyá wọ́n mọ̀ níbẹ̀ pé etí òsì rẹ kò gbọ́ ju ariwo ńlá lọ. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Dem no need know." Kí n tó la ẹnu, káàdì mi tán.

Mo lè ra káàdì mìíràn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́. Bí o bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ mi fẹ́ gùn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ní Àkúrẹ́. Ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí, kí ará ìjọ wa kan tó ń lọ sílé ní Òndó bá mi fún ọ. N kò ní kọ ìròyìn ìlú sínú rẹ̀, nítorí ó ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ará rédíò kí ó tó dé etí àwa tí à ń gbé inú rẹ̀. Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́. Láti kékeré ni mo ti ń sọ Yorùbá sí ọ tí o ń fi Písìn dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wàá ní láti gbọ́ mi tán ná.

Má rò pé ìyá rẹ kò mọ nǹkan kan nípa hẹ́dífóònù. Kí n tó fẹ́ bàbá rẹ ni mo ti ń jókòó nídìí ẹ̀rọ tẹlifóònù ní ọ́fíìsì kan ní èbúté Warri, tí irin hẹ́dífóònù ń fún mi lórí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwa là ń gba ìpè, àwa là ń so ẹni tó pè mọ́ ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà hẹ́dífóònù tí mo ní, ìwọ ò ní i.

Àkọ́kọ́, orí ara rẹ ni kí o wò kí o tó wo ọjà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òwú ni mo máa ń fi di irun, mo sì fẹ́ràn kó dúró ṣánṣán. Irin hẹ́dífóònù á jókòó lé àwọn òpó irun náà, á máa tẹ̀ wọ́n wọ inú awọ orí mi. Títí oòrùn ọ̀sán yóò fi kanrí, orí mi á ti máa fọ́. Mo ń gbé oògùn orí fífọ́ mì, mo ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé iṣẹ́ ìjọba le. Irun mi ló le. Nítorí náà, irun tí o bá máa ń ṣe lọ síbi iṣẹ́ ni kí o ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Yẹtí gbàǹgbà tí o fẹ́ràn yẹn, inú báàgì ni yóò máa bá ọ ṣiṣẹ́.

Kí ihò hẹ́dífóònù náà gba gbogbo etí rẹ wọlé, kí ó má jókòó lé etí lórí. Èyí tó bá jókòó lé etí kì í dunni lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá pẹ́, etí á gbóná bí ìgbà tí tíṣà fà á. Má kánjú bọ́ ọ. Jẹ́ kó wà lórí rẹ nígbà tí o bá ń ná an, kí o máa béèrè àlàáfíà ìyá oníṣọ́ọ̀bù àti àwọn ará ilé rẹ̀. Bí ó bá ti ń ṣe ọ́ bíi kí o ṣí i kúrò kí ẹ tó fẹnu kò, fi í sílẹ̀ fún un. Wo tìmùtìmù tó yí etí ká. Aláwọ ń dí ariwo mọ́ta ju aláṣọ lọ, ṣùgbọ́n òógùn àti ooru ilẹ̀ wa á bó o wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á máa lẹ̀ mọ́ ọ lẹ́rẹ̀kẹ́. Béèrè bóyá ó ṣeé yọ, àti bóyá wọ́n ń ta òmíràn tí a lè fi pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá ṣeé yọ, ọjọ́ tí tìmùtìmù bá kú ni gbogbo rẹ̀ kú.

Ìkejì, má jẹ́ kí ìwúwo tàn ọ́. Ṣé o rántí èyí tí mo rà fún Káyọ̀dé nígbà tó wọlé sí pólì? Orí tábìlì kan ní Enerhen ni mo ti rà á. Mo gbé oríṣiríṣi lọ́wọ́, mo fi wọ́n wéra bí ẹni ń yan iṣu, mo mú èyí tó wúwo jù. Mo ní eléyìí lára, eléyìí á tọ́jọ́. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọrùn dídùn jí. Lọ́jọ́ kan ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó là, a sì bá irin pẹlẹbẹ kan nínú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè é, kò so mọ́ wáyà kankan. Wọ́n kàn fi síbẹ̀ kí ọwọ́ irú èmi lè gbàgbọ́ ni. Káyọ̀dé wò ó, ó wò mí, ó ní, "Mummy, na iron you buy. Dem just dash you headphone join." Títí di òní, bí mo bá ra ohunkóhun, á ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gbé e wò bóyá irin wà níbẹ̀.

Ibi tí iye owó rẹ̀ wà ni ibi tí yóò ti kọ́kọ́ bàjẹ́. Di wáyà mú níbi tó ti wọ inú hẹ́dífóònù, kí o máa yí i síbí sọ́hùn-ún nígbà tí nǹkan ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Bí ohùn bá ń já, tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀, dá a padà. Bí wáyà náà bá ṣeé yọ pátápátá kí a fi òmíràn sí i, ó tún dára sí i. Ṣí hẹ́dífóònù náà, pa á dé, gbọ́ bóyá oríkèé rẹ̀ ń ké. Orúkọ ńlá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí, fojú fò ó. Ní ọjà tiwa yìí, páálí kan náà lè jẹ́ orúkọ mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú. Má ra èyí tó kéré jù lówó, má sì lọ jẹ gbèsè nítorí èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń wọ̀ sọ́rùn ya fọ́tò.

Ohùn ló kù, òun ló sì gbé mi dé Jakpa Road.

Lọ́jọ́ kejì tí o pè, mo fi òwú àti jẹ́lì dí etí òsì mi pinpin. Mo fẹ́ fi etí tìrẹ yẹ ọjà náà wò, kì í ṣe tèmi, kí n tó gbà ọ́ nímọ̀ràn. Kí n tó rékọjá Enerhen Junction, ọlọ́kadà kan ti fẹ́ gbá mi, ó yọrí, ó ní, "Madam, you deaf?" Omi gbà mí lójú, mo sáré rékọjá. Nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin kan lápá òsì mi ń bá mi sọ̀rọ̀, n kò mọ̀. Nígbà tí mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì, mo kàn rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín rẹ ni, Fúnmi. Ẹ̀rín tí o máa ń rín sí àwọn àlejò wa ni mo bá lẹ́nu ara mi. Mo wá mọ ìdí tí o fi máa ń sáré lọ jókòó sápá òsì mi nínú mọ́tò àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí etí ọ̀tún rẹ lè kọjú sí mi. Láti ọdún wọ̀nyí wá, mo ti rò pé fèrèsé lo fẹ́ràn. Ó dùn mí, ọmọ mi, mo sì sunkún díẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ọmọkùnrin Urhobo kan, Ovie, ló ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀. Ó gbé ọ̀kan lé mi lórí, ó sì tẹ orin kan tí báàsì rẹ̀ ń ti ènìyàn láyà. "Mummy, hear am. E dey scatter ground."

Mo ní, "My son, I no come scatter anything. Put person wey dey talk."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ìwàásù kan sí i fún mi. Ìyẹn ni kí ìwọ náà ṣe. Ohùn ènìyàn ni iṣẹ́ rẹ, báàsì ńlá a sì máa gun orí ohùn ènìyàn. Gba ohùn ẹni tí o mọ̀ dáadáa sínú fóònù rẹ, kí o gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá dún bí ẹni náà ti ń dún níwájú rẹ, tí o ń gbọ́ bó ṣe ń mí, tí ẹnu rẹ̀ kò súfèé, tí kò sì dà bí ẹni tó wà nínú agbada, ọjà gidi nìyẹn. Rẹ ohùn náà sílẹ̀ gan-an kí o tún gbọ́. Hẹ́dífóònù tí kò lè sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ kò wúlò fún ọ.

Jẹnẹrétọ̀ ń ké níwájú ṣọ́ọ̀bù Ovie, bí o ṣe mọ Jakpa Road. Mo ní kó pa ìwàásù náà, kí n kàn fi hẹ́dífóònù bo etí lásán. Òmíràn wà tí jẹnẹrétọ̀ ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wọ nǹkan. Ṣùgbọ́n èyí tó dára jù, ó gbé jẹnẹrétọ̀ náà lọ sí àgbàlá kejì. Ìdí tí a fi ń ra èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí nìyẹn: bí ariwo ìta bá ti dínkù, o kò ní máa gbé ti inú sókè. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù wọ̀ ọ́ kí ohùn máa lọ, kí ìwọ dúró tì í. Bí o bá ń gbọ́ ohun tó ń gbọ́, ohùn náà yóò máa jò sínú máìkì àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ.

Mo ti fẹ́ parí nígbà tí Ovie fi orin ìyìn kan sí i. Obìnrin kan ń lé, mo ń dúró de àwọn tó ń gbè é, n kò gbọ́ ẹnì kankan. Inú bí mi. Mo ní hẹ́dífóònù rẹ̀ ti kú lápá kan, ó fẹ́ fi rẹ́ mi jẹ. Ó gbà á, ó fi sétí. "Mummy, e complete o." Ó wá wo ẹ̀gbẹ́ orí mi. "Wetin be that for your ear?"

Mo ti gbàgbé òwú. N kò yọ ọ́ náà. Mo yí hẹ́dífóònù náà padà, kí apá òsì rẹ̀ bọ́ sétí ọ̀tún mi. Gbogbo àwọn ẹlẹ́gbè dé, obìnrin tó ń lé orin sì pòórá. Mo bá wá àpótí kan jókòó lé. Ovie rò pé òòyì ló kọ́ mi, ó lọ bu omi wá.

Ohun tó gbé mi jókòó ni pé mo rí iṣẹ́ rẹ. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ wá ènìyàn méjì lẹ́nu wò, tí ohùn ọ̀kan wà lápá ọ̀tún, tí ti èkejì wà lápá òsì, ẹnì kan ṣoṣo ni ìwọ yóò gbọ́. Èkejì lè máa sọ ohun tó ká a lára jù láyé, wàá rò pé ibẹ̀ ṣófo, wàá gé e dànù. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa tí a gbé Warri ní àwọn ọdún ìjà ìlú yẹn mọ ohun tí gbígbọ́ ẹnu ẹgbẹ́ kan ń dá sílẹ̀. Kò sí hẹ́dífóònù tó lè wo èyí sàn, olówó gọbọi tàbí olówó pọ́ọ́kú.

Nǹkan tó ń wò ó sàn wà, kò sì le. Ovie tẹ ibì kan lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, apá méjèèjì sì papọ̀ di ọ̀kan. Wọ́n ń pè é ní mónò. Mo gbọ́ ẹni tó ń lé, mo gbọ́ ẹlẹ́gbè, pẹ̀lú òwú létí mi. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kì í ṣe tìrẹ nìkan. O kò lè máa jí i tẹ̀ kí ẹni tó máa lò ó lẹ́yìn rẹ sì bá iṣẹ́ rẹ̀ ní dídàrú. Ọ̀gá rẹ ní láti mọ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, Àjọkẹ́. Hẹ́dífóònù tí o bi mí léèrè, làpálàpá ni.

A kì í sábà sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí etí òsì rẹ lọ nínú ilé wa. Ọ̀sán ni, ìrẹsì wà lórí iná. Ìbọn bẹ̀rẹ̀ láti apá Warri–Sapele Road, a dùbúlẹ̀ sí kọ́rídọ̀, Káyọ̀dé ń jà láti sáré jáde. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di òun mú, mo sì fi ara bo ìwọ, etí ọ̀tún rẹ lẹ̀ mọ́ àyà mi. Ohun tó bú lẹ́yìn ògiri wa, etí òsì rẹ ló gbà á. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, o ní, "Mummy, something dey blow whistle for my ear." Fèrè náà dákẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, etí náà sì bá a lọ. Dókítà tó yẹ̀ ọ́ wò nígbà tí ọ̀nà là ní èyí tó lọ kò ní padà, kí a tọ́jú èyí tó kù.

Nítorí náà, gbọ́ mi dáadáa: etí ọ̀tún rẹ nìkan ló kù, má fi báàsì pa á. Ohùn tó wà nínú hẹ́dífóònù rẹ kò gbọdọ̀ ju ti ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ nínú yàrá lọ. Bọ́ ọ lóòrèkóòrè, jáde, gba atẹ́gùn. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn iṣẹ́, ohùn ti pọ̀ jù nìyẹn. Má gbé e sórí sùn. Kí o sì wá ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń yẹ etí wò ní Àkúrẹ́, kí o máa lọ síbẹ̀ kí nǹkan tó ṣe ọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. O ti wá iṣẹ́ títí, o sì rò pé bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á gbà á padà. Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ. Nígbà tí mo ti Ìjẹ̀bú-Òde dé ìdí tẹlifóònù ní èbúté, n kò gbọ́ Písìn rárá. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ni mo mọ̀. Ojú tì mí láti sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá pè, tí ó da Písìn Warri bò mí, mo ń sọ pé "Yes sir, hold on," mo sì ń so gbogbo wọn mọ́ ọ́fíìsì àwọn tó ń já ẹrù, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń tètè gbé fóònù. Ìyàwó ọ̀gá ńlá pè láti bi ọkọ rẹ̀ ohun tí yóò jẹ, mo so ó mọ́ àwọn alágbàáṣe. Wọ́n dárúkọ oúnjẹ fún un.

Mama Ufuoma tó jẹ́ àgbà wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́, mo bú sẹ́kún, mo sọ òtítọ́. Ó ní, "So na only that one? Why you no talk since?" Láti ọjọ́ yẹn, bí a bá ti jẹun ọ̀sán tán, á máa fi Písìn sọ̀rọ̀ sí mi, èmi á máa tún un sọ. Òun náà ló tú òwú orí mi, tó ní kí n dirun pẹlẹbẹ. Gbogbo àkókò tí mo fi ń fi í pamọ́, ẹni tó lè ràn mí lọ́wọ́ jókòó sí àga kejì.

N kò lè ṣèlérí pé ọ̀gá rẹ yóò dà bíi Mama Ufuoma. N kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Lọ bá a kí iṣẹ́ tó wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí o tó lọ ra ohunkóhun. Má bẹ̀ ẹ́, má sì bá a jà. Ọ̀rọ̀ tútù ló ń yọ obì lápò. Sọ fún un pé etí kan lo fi ń gbọ́, pé etí náà dá ṣáṣá, àti pé bí wọ́n bá pa apá méjèèjì pọ̀ fún ọ, kò sí ohùn tí yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ní kó fún ọ ní iṣẹ́ kan kó dán ọ wò. Bí ó bá ní òun kò fẹ́, máa bọ̀ nílé. N kò ní bi ọ́ léèrè ju ohun tí wàá jẹ lọ, n ó sì bá gbogbo àwọn tí mo ti ròyìn fún sọ̀rọ̀ fúnra mi.

Ó lè ní rárá, Fúnmi. Ó sì lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Má jẹ́ kí ìbẹ̀rù bá a dáhùn kí ìwọ tó béèrè.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.